Òfin Tí Ìyá Tìmùtìmù Ṣe

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nípa Ìyá Tìmùtìmù ni pé obìnrin náà kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn kápẹ́ńtà tó wà níkòríta, níbi tí wọ́n ti ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń rán ìjókòó, tó ń ki fọ́ọ̀mù sínú rẹ̀, tó ń fa awọ lé e lórí títí yóò fi le dáadáa. Bí ẹ bá jókòó sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ ó gbàgbé pé ẹ ní ibì kan tí ẹ ń lọ. Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti lọ sílé ọkọ nílùú tó jìnnà. Ṣọ́ọ̀bù yìí ló kù ú kù. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ náà ló ti ń bínú.

Tẹ́lẹ̀ rí, ẹnì kan ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ra igi, òun ló ni ẹ̀rọ, òun ló ń dá iye lé ọjà. Bí èrè bá wà, tirẹ̀ ni. Bí àdánù bá dé, òun lorí ń fọ́. Àwọn yòókù á gba owó oṣù, wọ́n á ní "ẹ ṣé, sà," wọ́n á gba ilé lọ. Kò burú. Ọ̀gá Àgbà kì í ṣe èèyàn líle. Ṣùgbọ́n ara ń di ara àgbà, orúnkún kọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní iṣẹ́ igi ò wu àwọn. Ni olówó kan bá dé, ó fẹ́ ra ibẹ̀ kó wó o palẹ̀. Bàbá rò ó títí, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ la òógùn níbí. N ò lè ta ilẹ̀ kí n ta yín mọ́ ọn. Láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ jọ ni ín, ẹ jọ ṣe é, ẹ jọ pín èrè rẹ̀."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wọ mọ́tò, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé.

Ẹ gbọ́ ohun tójú rí lọ́jọ́ kejì. Àwọn mẹ́rin yìí, kí n tiẹ̀ dárúkọ wọn fún yín: Ìyá Tìmùtìmù ni ẹnì kan. Ayùn ni èkejì, bàbá tó ń la pákó, ẹgbẹ́ ìyá náà ni lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ayùn tó ń lò lọ. Ẹ̀kẹta ni Kékeré, òun ló ń kàn án. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ o. Bí ọkùnrin náà bá fẹ́ wọlé, àfi kó tẹrí ba fún àtẹ́rígbà. Ẹ̀kẹrin ni Fọ́nísì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kun àga, tó ń wọ ṣòkòtò funfun wá síbi iṣẹ́ ọ̀dà. Ẹ bá mi bi í léèrè.

Lọ́jọ́ kejì yìí, gbogbo wọn ló pẹ́ dé, torí ọ̀gá kì í tètè dé. Kò sẹ́ni tó gbálẹ̀, torí ọ̀gá kì í gbálẹ̀. Èérún igi kún ilẹ̀ débi ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ń gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni tí ò rí i. Oníbàárà kan yọjú, ó ń wá tábìlì ìjẹun.

"Ta ni ọ̀gá níbí?"

"Èmi ni!" Ohùn mẹ́rin ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó béèrè iye, ẹnu mẹ́rin dá iye mẹ́rin. Ọkùnrin náà wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì lọ ra tábìlì rẹ̀ níbòmíràn. Bí wọ́n ṣe bá a lọ títí ọ̀sẹ̀ fi parí nìyẹn. Ojú wá tì wọ́n. Wọ́n fìdí kalẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe ara wọn.

Fọ́nísì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ó yẹ kí àwọn ní olórí, kí olórí sì ní àga ńlá kan tó ń yí. Ó ti ń wo ara rẹ̀ lórí àga náà, ẹ kúkú mọ̀.

Ìyá Tìmùtìmù ní, "Mo fara mọ́ ọn. Ọdún kan ni kí olórí lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ olórí wa, òun ni kó máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ìránṣẹ́ wa la fẹ́, a ò wá ọba."

Àṣé bí wọ́n ṣe ń pa ìfẹ́ oyè nìyẹn! Fọ́nísì wo ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó rántí pé àwọn àgbàlagbà ló yẹ ká fi síwájú. Bí wọ́n ṣe fi oyè náà ṣe àyípo nìyẹn, kálukú lọ́dún tirẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé nínú ohunkóhun tí wọ́n bá tà, àpò gbogbo wọn ni yóò kọ́kọ́ gbà nínú rẹ̀, kí iná má baà kú, kí òrùlé má baà jò, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan tirẹ̀. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹnì kan, kí onítọ̀hún bọ́ síta kí wọ́n tó dá a, torí ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Wọ́n sì ní òfin tuntun kò ní í di òfin, àfi bí gbogbo wọn bá gbọ́wọ́ sókè.

Ìgbà náà ni Ìyá Tìmùtìmù gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tí oníbàárà bá dá iṣẹ́ rẹ̀ padà nígbà mẹ́ta láàárín ọdún kan, kó kúrò nídìí iṣẹ́ náà, kí wọ́n fi ọwọ́ mìíràn sí i.

Ayùn kò gbà. "Èèyàn ń ṣàìsàn. Èèyàn ń darúgbó. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó o."

"Ìlú tí kò sófin, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí níbẹ̀," ni ìyá dá a lóhùn. "Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Bí ẹnì kan bá ba iṣẹ́ jẹ́, gbogbo wa la bà á jẹ́. Àbí ọwọ́ tìrẹ ò dá ẹ lójú ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ ọ́, ká gbọ́!"

Kékeré àti Fọ́nísì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Ayùn, ó gbọ́wọ́ sókè tìbínú-tìbínú. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" nìkan ló kù láàárín òun àti ìyá.

Ọdún ń gorí ọdún. Ṣọ́ọ̀bù gbèrú. Àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé àjọni ò lè yọrí wá ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Kékeré fi èrè tirẹ̀ kọ́lé, Fọ́nísì gbéyàwó, ó sì ra ṣòkòtò funfun sí i. Ṣùgbọ́n ìka Ìyá Tìmùtìmù bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Láàárọ̀, kó tó lè di ife tíì mú, á kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ omi gbígbóná. Abẹ́rẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú náà wá ń ṣe bàìbàì. Kò sọ fún ẹnì kankan, torí ẹni tó ṣe òfin yẹn lẹ́nu ṣáṣá, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ ọ́?

Lọ́dún tí ìgbálẹ̀ kan Ayùn, awakọ̀ kan dá ìjókòó padà: ojú rírán rẹ̀ ti là. Kò pẹ́, àga ọ́fíìsì dókítà kan tún padà, fọ́ọ̀mù ti yọjú bí ọmọ tí wọ́n wọ aṣọ kékeré fún. Ayùn gbà á, ó wo ìyá, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dun ìyá jù. Ẹ̀rù ń bà á, kí n má purọ́ fún yín. Bó bá kúrò nídìí abẹ́rẹ́, kí ló kù fún un? Ṣé ọmọ tó ń forí ṣe fọrùn ṣe nílé ọkọ ló máa lọ bá tọrọ jẹ?

Ẹ̀ẹ̀kẹta dé lọ́jọ́ tí ìyá lọ ra òwú. Àga ọ̀gá ilé ìwé tó wà lódì kejì títì ni, ìyáàfin kan tó ga, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbé àga náà wá, ó ní ojú rírán ìjókòó rẹ̀ ti já. Kékeré nìkan ló wà nílé. Ọkùnrin gìrìwò yìí wo ojú rírán náà, ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ìyá nìyẹn, kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín: nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ tó kù díẹ̀ kó bá ọmọ lọ, Ìyá Tìmùtìmù ló jókòó tì í ní ọsibítù títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Kékeré ò gbàgbé. Ó gbé àga sẹ́yìn pákó kí Ayùn má baà rí i, ó wá abẹ́rẹ́ ìyá, ó gbìyànjú. Ẹ wo ọwọ́ tó tó ṣọ́bìrì, ẹ wo abẹ́rẹ́! Nígbà tó gún ara rẹ̀ títí tó sú u, ó ṣe ohun tí kápẹ́ńtà mọ̀ ọ́n ṣe: ó kó ìṣó wẹ́wẹ́, ó fi kan awọ náà mọ́ etí ìjókòó yí po, ó fi awọ bo orí ìṣó. Ó fọwọ́ pa á, ó dán. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún wọn nírọ̀lẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó mu tíì tán, ìyáàfin ti dé. Ọwọ́ kan di ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, èkejì ń na ìka. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbé àga náà tẹ̀ lé e.

"Ta ló fẹ́ pa mí nínú yín? Mo ń bá àwọn tísà àtàwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀ lórí sùúrù láàárọ̀ yìí! Sùúrù ni mo ń sọ lọ́wọ́ tí nǹkan fi gún mi, tí mo fi fò sókè, tí mo pariwo lójú àwọn ọmọ kékeré!"

Fọ́nísì sá sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù láti lọ rẹ́rìn-ín. Kékeré dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi ni, mà. Iṣẹ́ mi ni, mà. Ẹ má bínú, mà."

Wọ́n bẹ ìyáàfin, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àwọn máa ṣe òmíràn fún un. Nígbà tó yá, òun náà ò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó gbà láti dúró de tuntun, ó sì padà lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó lọ tán ni Ayùn wá yíjú sí Kékeré.

"Ìgbà wo nìwọ di aránjókòó?"

"Mo kàn dán an wò ni, Bàbá. Ẹ kà á sí mi lọ́rùn. Ìṣó kúkú ni, ta ló ń lo ìṣó níbí bí kò ṣe èmi?"

Ọ̀rọ̀ tán, àbí? Ìṣó kì í purọ́. Bí Ìyá Tìmùtìmù bá dákẹ́ báyìí, á di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ó tán. Kékeré sì ń ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́ ṣáá. Ìyá fa àga náà mọ́ra, ó tú awọ díẹ̀ kúrò lára ìṣó, ó sì rí iṣẹ́ ara rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: ojú rírán tó wọ́, tó fò, tó dà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Omi lé sí i lójú. Ó wo Kékeré, ọmọ tó fẹ́ fi ara rẹ̀ dí ihò fún un, inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kékeré, o ṣeun. Olúwa á ṣe é fún ìwọ náà. Ṣùgbọ́n òwú tèmi ló kọ́kọ́ já kí ìṣó tìẹ tó dé. Ẹ̀ẹ̀kẹta mi nìyí. Ayùn, pe ìpàdé."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kó bọ́ síta gẹ́gẹ́ bí òfin. Ó jókòó sórí kùkùté tí wọ́n ń la igi lé lórí. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i kú ìjókòó, ó ń dáhùn. Ó ń gbọ́ ohùn nínú ilé, ohùn Ayùn ló ń ròkè jù. Ó rò ó pé, tọkùnrin yìí dé lónìí, tó bá fẹ́ gbẹ̀san, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Ó tún rò ó pé bóyá wọ́n á ní kí àwọn fojú fò ó, ìyẹn náà ò sì wù ú. Tí wọ́n bá fò ó fún un, òfin ti kú nìyẹn, á di pé ojúrere Ayùn lòun fi ń wọ ibi tí òun jọ ni.

Wọ́n pè é wọlé. Ayùn ò jẹ́ kó jókòó dáadáa.

"Òfin dúró. Láti Mọ́ńdè, o ò ní jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. A ó wá ọwọ́ mìíràn."

Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. "Ẹ ṣeun," ló rí sọ. Ó na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" Ayùn pariwo. "Ta ló ní ìpàdé ti parí? Iṣẹ́ la ní kó o kúrò nídìí rẹ̀. Ṣé Ọ̀gá Àgbà gba ṣọ́ọ̀bù padà lọ́wọ́ rẹ ni? Ìdá kan nínú mẹ́rin igi yìí, tìrẹ ni. Ìdá kan nínú mẹ́rin òrùlé yìí, tìrẹ ni. Jókòó, jàre! Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀, a ò sì lè sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ, torí gbogbo wa ló kàn."

Ìyá jókòó. Ayùn wá sọ ọ́: òfin tuntun kan ni, pé kí wọ́n máa fi díẹ̀ kún ohun tí àpò gbogbo wọn ń gbà. Ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá kọ iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ogbó, ìbáà jẹ́ àìsàn, kó máa jẹ nínú àpò náà bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ṣe ń jẹ, títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Fọ́nísì ha orí. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ gbọ́ o. Ọmọ ẹnu ọmú ló wà nílé rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Èmi ló máa san án pẹ́ jù. Mo ṣì kéré. Kí ló dé tí a ò kàn máa fún Ìyá ní nǹkan bí a bá ti ní? Ṣé a máa jẹ́ kí ebi pa wọ́n ni?"

"Lọ́dún yìí, rárá," ni Ayùn wí. "Lọ́dún tó ń bọ̀ náà, bóyá rárá. Tó bá wá di ọdún tí ọjà kùtà, tí ọmọ rẹ ń sunkún, tí ìyàwó rẹ ní 'ìyẹn náà tún ni?' ńkọ́? Fọ́nísì, àánú máa ń rẹ èèyàn. Òfin kì í rẹ̀. Ìwọ náà, ọ̀dà tí ò ń fà símú látàárọ̀ dalẹ́ yẹn, ṣé o rò pé ó máa bọ̀wọ̀ fún ṣòkòtò funfun ni?"

Fọ́nísì wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọ̀dà ti kún èékánná. Kékeré ti gbọ́wọ́ sókè tipẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Ayùn gbé tirẹ̀. Fọ́nísì mí kanlẹ̀, òun náà gbé tirẹ̀. Ni gbogbo wọn bá wo Ìyá Tìmùtìmù.

Kò gbé ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ fẹ́ kí n dìbò pé kí ẹ máa bọ́ mi? Ojú ń tì mí."

"Ojú wo ló ń tì ẹ́?" Ohùn Ayùn wálẹ̀. "Lọ́jọ́ tó o ṣe òfin àkọ́kọ́ yẹn, mo bínú sí ẹ, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ló sọ wá di ẹni tí ìlú ń wá. Wọn kì í sábà dá iṣẹ́ wa padà, ìdí nìyẹn tí àpò fi ní nǹkan nínú. Bí a bá lè tẹ̀ lé òfin rẹ nígbà tó bu ìwọ gan-an jẹ, mo mọ̀ pé wọ́n á tẹ̀ lé èyí náà lọ́jọ́ tó bá kan èmi. Apá mi ti ń dùn mí láti ọdún tó kọjá o. Gbọ́wọ́ sókè, ìyá. Ìwọ nìkan la ń dúró dè."

Ìyá Tìmùtìmù gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Àwọn ìka náà wú, wọ́n ká kò, wọn kò lè nà tán, kò sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n tún lè dì mú láyé yìí.

Ayùn kà á. "Mẹ́rin. Ó pé. Ó ti di òfin."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó ń dúpẹ́, ó ń dúpẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Kékeré, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Fọ́nísì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà tí kò sí níbẹ̀, títí tó fi sú Ayùn.

"Kí lò ń dúpẹ́ fún? Mo ní òfin ni! A ò ta ẹ́ lọ́rẹ."

"Mo gbọ́," ni ìyá wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Torí pé ẹ ò ta mí lọ́rẹ ni mo ṣe ń dúpẹ́."